Àpótí Ìmọ̀: Ayò Ogun Òfuurufú fún Ẹnì Kan

Ta ni ọ̀tá nígbà tí èèyàn bá ń dá ayò ta? Nínú B-17: Queen of the Skies tí Glenn Frank ṣe, tí Avalon Hill tẹ̀ jáde ní 1983, dáìsì àti àtẹ èsì ni. Ọ̀tayò ń darí ọkọ̀ òfuurufú ajubọ́ǹbù Amẹ́ríkà kan àti ọmọ ogun 10 inú rẹ̀. Tó bá ju dáìsì, àtẹ á sọ iye ọkọ̀ Jámánì tó yọ, ibi tí wọ́n gbà kọlù ú àti ohun tí ọta wọn bà jẹ́. Ìrìn-àjò ogun 25 ni àfojúsùn.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ayò yìí: inú ìtàn gidi ni kí nọ́ńbà àtẹ ti wá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀tayò kò bá rí nǹkan kan yàn, dáìsì nìkan ló ń ta ayò.