Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́: Bí Ààlà Ìlú Ṣe Yí Padà ní Ìpínlẹ̀ Gifu, Japan

Kíláàsì: SS 2

Ète ẹ̀kọ́

Kí akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ ìdí tí ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé fi para pọ̀ ní Japan, kí ó sì lè fi Magome ṣàlàyé rẹ̀.

Ìfáárà

Ìpínlẹ̀ 47 ló wà ní Japan. Ìlú ńlá, ìlú kékeré àti abúlé ló wà lábẹ́ wọn, olúkúlùkù pẹ̀lú olórí tí aráàlú dìbò yàn àti ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìdàpọ̀ ńlá ti wáyé láàárín wọn. Ti 1888 sí 1889 sọ 71,314 di 15,859. Ti 1953 sí 1961 sọ 9,868 di 3,472. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni tiwa lónìí: 3,232 ni wọ́n ní 1999, nígbà tó fi di 2010, ó ku 1,727.

Ohun tó fà á

Àwọn ọ̀dọ́ ń ṣí lọ sí ìlú ńlá, àwọn àgbàlagbà ló ń kù sílé, owó orí kò sì ká ìnáwó mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó-yá ló mú un yá kánkán. Kí olùkọ́ ṣe ìṣirò yìí sójú pátákó:

Ìlú tó ti dà pọ̀ fẹ́ kọ́ ilé ìwé 100 mílíọ̀nù yen. Òfin ìgbà náà gbà á láyè láti yá 95 mílíọ̀nù. Ìjọba àpapọ̀ yóò ru ìdá 70 nínú 100 gbèsè náà, ìyẹn 66.5 mílíọ̀nù. Láìka èlé, 33.5 mílíọ̀nù péré ni yóò jáde lápò ìlú.

Ní 2004, ìjọba àpapọ̀ yìí kan náà gé owó tó ń pín fún àwọn ìlú àti abúlé. Lójú tèmi, abúlé tí wọ́n bá fi irú èyí lọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní ààyè láti kọ̀.

Gifu

Nínú ìdàpọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí, ìlú àti abúlé Gifu dín láti 99 sí 42. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì 2005, ìlú kékeré àti abúlé 9 wọ inú Takayama, ìlú kan ṣoṣo sì fẹ̀ tó nǹkan bí 2,178 kìlómítà níbùú lóòró, ó kù díẹ̀ kó tó gbogbo ìpínlẹ̀ Tokyo. Igbó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Abúlé Shirakawa tó múlé tì í dá dúró ní tirẹ̀.

Magome

Kí olùkọ́ má ṣe kánjú níbí. Magome jẹ́ ibùsọ̀ kan lójú ọ̀nà Nakasendō, tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń gbà láyé àtijọ́ láti Edo, ìyẹn Tokyo òde òní, lọ sí Kyoto. Ibẹ̀ ni wọ́n bí òǹkọ̀wé Shimazaki Tōson sí ní 1872. Abúlé Yamaguchi, ní ìpínlẹ̀ Nagano, ni Magome wà kí ó tó di 2005, Nagano sì ń fi Tōson yangàn. Ṣùgbọ́n Nakatsugawa, tó wà ní Gifu, ni àwọn ará Yamaguchi ti ń nájà, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbàwòsàn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ lílọ sí Gifu ti wà nílẹ̀ tipẹ́: ní 1958, abúlé Misaka, tí Magome wà nínú rẹ̀ nígbà náà, pín sí méjì lórí rẹ̀, apá kan bá Nakatsugawa lọ, Magome dúró sí Nagano, ó sì wọ Yamaguchi.

Nígbà tí wọ́n béèrè èrò àwọn ará Yamaguchi, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fara mọ́ dídàpọ̀ mọ́ Nakatsugawa. Gómìnà Nagano, Tanaka Yasuo, tí òun náà jẹ́ òǹkọ̀wé, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2004, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ fúnra wọn gbé àbá náà kalẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì 2005, Yamaguchi di ara Nakatsugawa. Ó lé ní 40 ọdún tí irú ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ ti fo ààlà ìpínlẹ̀ kẹ́yìn. Inú mi dùn pé wọ́n bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ léèrè kí wọ́n tó sún ààlà.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

1. Ya ọ̀nà láti Magome dé Tsumago, ibùsọ̀ tó kàn lójú ọ̀nà Nakasendō, nǹkan bí kìlómítà 8. Fi ibi tí ààlà ìpínlẹ̀ gbà kí ó tó di 2005 hàn, àti ibi tó gbà báyìí.
2. Ká ní aṣòfin ni ọ́ ní Nagano ní oṣù Kejìlá 2004, kọ lẹ́tà ojú ewé kan sí àwọn ará Yamaguchi. Sọ bí o ṣe dìbò, kí o sì sọ ìdí rẹ̀.