Ẹbọ Kì í Ṣe Irúgbìn

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ìgbéyàwó kan, a bá ẹbí lọ sí ìsìn ìdúpẹ́. Wọ́n ní kí ọkọ ìyàwó sọ̀rọ̀. Ó kọjú sí ìyá rẹ̀, omijé lé ròrò sí i lójú, ó ní, “Màmá mi rúbọ gan-an fún mi.” Mo rí i tí àwọn àgbà méjì tó jókòó níwájú mi wo ojú ara wọn.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ náà. Nígbà tí owó ìdánwò rẹ̀ kò pé, tí ọjọ́ sì ti ń lọ, ìyá rẹ̀ ṣí àpótí, ó kó sányán tó fi ṣe ìyàwó jáde, ìró, bùbá, gèlè àti ìpèlé, ó kó gbogbo rẹ̀ lọ fún alájàpá aṣọ. Ohun tí ọmọ ń dúpẹ́ lé lórí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí etí àgbà gbọ́ ni igbá, epo pupa àti oríta. Nígbà tí a jáde, ìyá náà fúnra rẹ̀ fà mí lápá: “Ẹ̀gbọ́n, aṣọ ni mo tà o. N kò rúbọ kankan.”

Gẹ̀ẹ́sì ló tan ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ewúrẹ́ tí wọ́n pa ní ojúbọ àti oorun tí abiyamọ kò rí sùn. Yorùbá kò pa wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rúbọ ní ohun tó fi rú u, ó sì ní ẹni tó rú u sí: “Ó fi àgbò rúbọ sí Ògún.” “Sí” ló ń tọ́ka sí ẹni tí ẹbọ ń lọ bá. Bí a bá ní wọ́n rúbọ “fún” ọmọ, ohun tí a ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ ọmọ náà ló gbé wọn dé ìdí ẹbọ. Ká ní ó sọ pé, “Màmá mi fi ara wọn rúbọ nítorí mi,” kò sí ẹni tí yóò wo ojú ẹnì kejì. “Ara” yẹn ló gba ọ̀rọ̀ náà kúrò ní oríta. Èyí tí èmi ìbá sì fẹ́ jù ni kó sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé: “Màmá mi jìyà lórí mi.” Ìyá náà ìbá sunkún ayọ̀. Ẹni tó bá sì yẹra fún ẹran ní àkókò Lẹ́ńtì, ó fi ẹran du ara rẹ̀ ni. Ẹ má sọ pé ó rúbọ.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí onígbàgbọ́ kankan torí èyí sá fún ẹbọ. Nígbà tí Àjàyí Crowther, ọmọ Òsogùn, túmọ̀ ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1850, àwọn tó kà á mọ babaláwo, wọ́n mọ ojúbọ. Nínú Bíbélì tí a ń kà lónìí, ètùtù wà ní orí kẹta ìwé yẹn, ètùtù tó jẹ́ pé àti inú “tù” ló ti wá, bí a ṣe ń tu ẹni tí inú ń bí lójú. Ẹbọ ààyè sì wà ní orí kejìlá. Ẹ bá mi fa “ààyè” yẹn gùn dáadáa. Ààyè ni ìdàkejì òkú. Àyè ni ibi tí a lè jókòó sí. Mo ti gbọ́ oníwàásù tó ń pariwo “ẹbọ àyè” láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹran tí a bá fi rúbọ, ọ̀bẹ ló ń parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹbọ tí Pọ́ọ̀lù ń sọ ń mí, ó ń lọ sọ́jà, ó ń tọ́mọ, ó tún ń jí lọ́la láti tún fi ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá gé “ààyè” kúrú, gbogbo èyí ló bọ́ sọnù.

Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, ti ohùn ni èyí, wà lára àpòòwé tí wọ́n ń pín ní ṣọ́ọ̀ṣì: “ọ̀rẹ́ ìdúpẹ́.” Ọ̀rẹ́ ni ẹni tí a jọ ń rìn. Ọrẹ ni ẹ̀bùn, kò sì ní àmì kankan lórí.

Ohun tó ń dùn mí jù ni irúgbìn. Ẹbọ ti di ọ̀rọ̀ tí àwọn pásítọ̀ kan kò fẹ́ fi ẹnu kàn ní òun nìkan mọ́, irúgbìn ló gba ipò rẹ̀: ẹ wá fúnrúgbìn, ẹ fúnrúgbìn ẹbọ. Pọ́ọ̀lù náà lo irúgbìn fún ìtọrẹ nínú Kọ́ríńtì Kejì, orí kẹsàn-án, nítorí náà n kò bá ọ̀rọ̀ náà jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó fúnrúgbìn ń wo ojú òjò, ó ń ka oṣù, ó mọ ìgbà tí àgbàdo yóò gbó. Ẹni tó gbé ẹbọ sílẹ̀ kì í padà lọ gbé e. Àdúrà kan ṣoṣo ló kù fún un: kí ẹbọ fín. Ìyá tó ta sányán kò ka oṣù kankan. Sányán yẹn kò sì padà sínú àpótí títí di òní.

Ẹ̀yin oníwàásù, bí ó bá jẹ́ irúgbìn lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa, ẹ pè é ní irúgbìn, ká mọ̀ pé ìkórè là ń bá lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé orúkọ ẹbọ fún un.