Kó O Tó Fi Fásitì Kan Sílẹ̀ Lọ sí Òmíràn

Sọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà kan ní Pánṣẹ́kẹ́ ni mo ti bá ọmọkùnrin kan tó ti jókòó síwájú ẹ̀rọ láti àárọ̀. Ó ti parí fásitì, ó ń wá orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ lọ ṣe agùnbánirọ̀. Ó tẹ nọ́ńbà JAMB rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó tún un tẹ̀. Ìwé ìgbàwọlé rẹ̀ wà nínú ọ̀rá lórí itan rẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti ń ká a ti fẹ́ẹ̀ já. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, orúkọ mi ò sí níbẹ̀."

Fásitì tó kọ́kọ́ wọ̀ fún un ní kọ́ọ̀sì tí kò béèrè. Lẹ́yìn ọdún kan, ó kó ẹrù rẹ̀, ó gba fásitì mìíràn lọ láti kọ́ ohun tó wù ú. Wọ́n gbà á, ó san owó, ó ṣe ìdánwò, ó yege. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fi tó JAMB létí. Nínú àkọsílẹ̀ JAMB, ibi tó ti kúrò ló ṣì wà, kọ́ọ̀sì tó kọ̀ sílẹ̀ ló ṣì ń kọ́. Ìyá rẹ̀, aláàdìrẹ ní Ìtòkú, sì ti ya aṣọ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àjọyọ̀ sọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára púpọ̀. Yíyí kọ́ọ̀sì padà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ ọdún 16 tí wọ́n fún ní fọ́ọ̀mù, tí bàbá ń sọ pé dókítà ni kó ṣe, tí olùkọ́ ń sọ pé ẹnjiníà ni, kò sí bí kò ṣe lè ṣì í yàn. Ohun tí mò ń kìlọ̀ fún yín ni pé kí ẹ má ṣe fi ibi tí ẹ wà sílẹ̀ títí tí JAMB yóò fi kọ ibi tí ẹ ń lọ sílẹ̀.

Níbí ní Abẹ́òkúta, ọ̀nà Alábàtà ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ́pọ̀. Ọmọ tó fẹ́ kọ́ ìṣègùn tàbí ìmọ̀ òfin bá ara rẹ̀ ní FUNAAB, fásitì iṣẹ́ àgbẹ̀ ibẹ̀, nínú ẹ̀ka ẹja, igbó tàbí irè oko. Ọdún 5 ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ọdún kẹrin sì jẹ́ ti oko gan-an, pẹ̀lú ọkọ́ àti bàtà òjò. Àwọn kan wà tí wọ́n sunkún wọ ibẹ̀, tí wọ́n wá fẹ́ràn rẹ̀ débi pé òun ni wọ́n fi ń jẹun lónìí. Ẹ fún ara yín láyè díẹ̀ kí ẹ tó sọ pé ó tì.

Bó bá tì lóòótọ́, inú fásitì tí ẹ wà gan-an ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wá ẹ̀ka mìíràn. Ọ̀pọ̀ fásitì ló ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní ẹ̀ka kan bọ́ sí òmíràn lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́, bí máàkì rẹ̀ bá tó, bí àyè bá sì wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo èsì WAEC àti NECO yín dáadáa. Ẹni tí kò ní kírẹ́díìtì nínú Lítíréṣọ̀ kò gbọdọ̀ máa lá àlá ìmọ̀ òfin, ẹni tí kò ṣe Físíìsì kò lè wọ nọ́ọ̀sì. Máàkì fásitì, bó ti wù kó dára tó, kò lè dí àlàfo yẹn. Bí wọ́n bá sì ti gbà yín sí ẹ̀ka tuntun, ẹ rí i pé kọ́ọ̀sì tó wà lọ́dọ̀ JAMB yí padà pẹ̀lú.

Láti fásitì sí fásitì ló le jù. Fásitì tí ẹ ń lọ ló máa kọ́kọ́ sọ bóyá ó ń gba ẹni tó ń ti ibòmíràn bọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbà á. Wọ́n á béèrè transcript yín, ìyẹn àkọsílẹ̀ máàkì yín, láti ọ́fíìsì fásitì kan sí èkejì ni yóò sì gbà lọ. Kì í ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi àpò gbé. Ẹni tí wọ́n lé nítorí máàkì kékeré, ilẹ̀kùn yìí kò sí fún un. Lẹ́yìn gbogbo èyí, JAMB ní láti fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ti kọ̀wé kúrò níbi àkọ́kọ́ kí ìdáhùn èkejì tó dé ti di adìyẹ tó bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ.

Àárín àlàfo yìí gan-an ni àwọn gbájú-ẹ̀ ń dúró sí. Ẹ ó rí wọn ní Camp, ní Láfẹ́nwá, wọ́n á ní àwọn mọ ẹnì kan nínú ọ́fíìsì rẹ́jísírà. Láti ọdún 2017 ni JAMB ti ń fi ètò CAPS ṣe ìgbàwọlé, kò sì sí ẹni tó lè fi ọwọ́ ẹ̀yìn kọ orúkọ ọmọ yín síbẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, owó ọjà tí ẹ fẹ́ fún wọn yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà sínú àpò.

Ọ̀nà mìíràn wà tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó wà ní MAPOLY, pólì tó wà ní Ojéèrè, lè parí ND rẹ̀, ẹni tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Òṣíẹ̀lẹ̀ lè parí NCE, kó wá fi ìwé ẹ̀rí náà gba fọ́ọ̀mù Direct Entry wọ ọdún kejì fásitì. Ẹni tó bá sì fẹ́ tún UTME ṣe nígbà tó ti wà ní fásitì, kó jẹ́wọ́ rẹ̀ fún JAMB. Òfin kò gbà kí ẹnì kan di àyè méjì mú lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ tún wádìí bí ibi tí ẹ ń sá lọ ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó. Àwa ará Abẹ́òkúta ti rí i. Fásitì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ síbí ní 1983, ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ti so ó mọ́ Fásitì Èkó, kó tó di fásitì iṣẹ́ àgbẹ̀, FUNAAB tòní, ní 1988. Ní 2017, ìjọba ní kí àwọn fásitì iṣẹ́ àgbẹ̀ mójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀, FUNAAB sì dáwọ́ dúró láti gba ọmọ tuntun sí ìṣirò owó, ètò báńkì àti ètò ọrọ̀ ajé. Àwọn tó ti yàn wọ́n ní láti wá ibòmíràn. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Gómìnà Amosun ní kí MAPOLY di fásitì. Ní 2019 ìjọba Gómìnà Dapo Abiodun dá a padà sí pólì.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ka ọdún náà pẹ̀lú ọmọ yín. Ọdún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi wọlé jáde, ọjọ́ orí ń lọ, ẹni tó bá sì ti ju ọdún 30 lọ nígbà tó gba oyè kì í ṣe agùnbánirọ̀ mọ́, ìwé ìdásílẹ̀ ni wọ́n ń fún un.

JAMB ní ọ́fíìsì ní Abẹ́òkúta. Ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín. Kí ẹ tó dá kọ́kọ́rọ́ yàrá Ọbáńtokò padà fún onílé, kí ẹ tó san owó ilé níbòmíràn, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ ìwé ìgbàwọlé tuntun yín jáde fún yín, kí ẹ sì fi ojú ara yín ka orúkọ fásitì tuntun àti kọ́ọ̀sì tuntun lórí rẹ̀.