Àbúrò mi, kọ ọ́ bó ṣe wá

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, iṣẹ́ ìwádìí rẹ ti parí ní tìrẹ. O ti lọ sọ́jà Odò-Orí, o ti bá àwọn ìyá aláṣọ àti eléèlùbọ́ sọ̀rọ̀, fọ́ọ̀mù tí wọ́n bá ẹ kún wà nínú báàgì rẹ. Kíkọ ló kù. Bí o bá kọ gbólóhùn kan, wàá pa á rẹ́. Wàá tún un kọ, wàá tún pa á rẹ́. Ilẹ̀ á ṣú, ojú ewé á ṣì wà lófìfo, àyà á máa já ẹ. Fóònù á dún, o ò ní gbé e, torí o rò pé súpáfáísọ̀ ni.

Má jẹ̀ẹ́ kẹ́nikẹ́ni pè ẹ́ ní ọ̀lẹ. Ẹ̀rù ló ń bà ẹ́ pé ohun tó o bá kọ ò ní dáa tó, pé àwọn tó ń yìn ẹ́ á wá rí i pé o ò mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀. Irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ máa ń ba àwọn tó mọ̀wé dáadáa náà.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn tó kọ Yorùbá sílẹ̀ fún wa ò dúró dìgbà tó bá pé? Bowen tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ yunifásítì tó wà n'Ìwó wa yìí, Amẹ́ríkà ló ti wá. Ó dé ilẹ̀ wa ní 1850. Nígbà tó fi máa di 1858, ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ ti jáde. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá rẹ̀, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀ ní 1843. Ní 1852, ó tún un gbé jáde, ó sì fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bíbélì ńkọ́? Ìwé Róòmù jáde ní 1850, odidi Bíbélì ò pé títí di 1884. Àní ní 1875, wọ́n ṣì ń ṣèpàdé l'Ékòó lórí bó ṣe yẹ ká máa kọ Yorùbá sílẹ̀! Ká ní wọ́n ní àfi kí àkọtọ́ kọ́kọ́ dúró, kí ni à bá kà?

Nítorí náà, fi orí kìíní sílẹ̀ ná. Orí kẹta ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, níbi tó o ti ń sọ bó o ṣe ṣe é, torí ìyẹn ò nílò àròjinlẹ̀ kankan. Bí ọwọ́ bá ṣì ń gbọ̀n, gba ohùn ara rẹ sílẹ̀ lórí fóònù, ní Yorùbá, bí ẹni ń ròyìn ọjà fún mi: ìyá eléèlùbọ́ sọ báyìí, mo bi wọ́n léèrè báyìí. Lẹ́yìn náà ni kó o wá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Àárọ̀ ni kó o fi kọ, ìrọ̀lẹ́ ni kó o fi tún un ṣe. Má pa méjèèjì pọ̀. Jọ̀ọ́, gbé ojú kúrò lórí Facebook àwọn tó ti di pírọ́jẹ́ẹ̀tì tiwọn.

Bó bá ti pé ojú ewé méjì, tẹ̀ ẹ́, gbé e lọ fún súpáfáísọ̀ rẹ. Bí wọ́n bá fi bírò pupa fa gbogbo rẹ̀, iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe yẹn. Ìwé ni wọ́n fà, wọn ò fa ìwọ.

Ṣùgbọ́n bí o ò bá rí oorun sùn mọ́, tí oúnjẹ ò lọ lọ́fun, ó ti kọjá ọ̀rọ̀ ìwé nìyẹn. Lọ bá àwọn agbaninímọ̀ràn tó wà nílé ìwé. Bójú bá ń tì ẹ́ láti dá lọ, pè mí, màá tẹ̀lé ẹ dé ẹnu ọ̀nà wọn.