Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù: Bí Ọ̀nà ti Jìn àti Àkókò tí Ọkọ̀ Òfurufú ń Lò

Nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ni dánra wò, a kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ kan tí àwa fúnra wa kò tí ì mọ̀ tán. A kọ ọ́ sí pátákó pé ọkọ̀ òfurufú kan kúrò ní Èkó ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, ó sì gúnlẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù ní aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán. A ní wákàtí márùn-ún ààbọ̀ ni ìrìn náà gbà. Ọmọ kan nawọ́, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Tísà, ṣé agogo kan náà ni Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù ń wò?” A kò rí èsì fọ̀. Nítorí náà ni a ṣe tún ọ̀ràn náà yẹ̀ wò.

Ìkíní ni jíjìn ọ̀nà. Bí a bá fi dìgírì wọn ayé láti ìlà tí ó là á ní agbedeméjì lọ sí àríwá, Èkó wà ní 6½, Lọ́ńdọ̀nù sì wà ní 51½. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 45. Dìgírì kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí kìlómítà 111, èyíinì ni máìlì 69. Bí a bá sọ 111 di ìlọ́po 45, a ó rí 4,995. Kí á kúkú wí pé kìlómítà 5,000, tàbí máìlì 3,100. Kì í ṣe gbogbo ìlú ni a lè fi ọ̀nà yìí wọ̀n. Ó bá méjì yìí mu nítorí pé Lọ́ńdọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ọ̀gangan àríwá Èkó gan-an. Aginjù Sàhárà, Òkun Mẹditaréníà àti ilẹ̀ Faransé ni ó wà láàárín wọn. Ọkọ̀ ojú omi ayé àtijọ́ kò lè gba ibẹ̀. Etí òkun ni ó ń bá yí lọ sí Liverpool, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ó sì ń lò.

Ìkejì ni àkókò. Ọkọ̀ òfurufú ńlá a máa fò tó kìlómítà 850 ní wákàtí kan. Bí a bá fi èyí pín 5,000, a ó rí wákàtí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mẹ́fà. Ṣùgbọ́n kì í sáré bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá ń gòkè tàbí tí ó ń sọ̀kalẹ̀, kì í sì í lọ gbọnrangandan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nítorí náà, ó tó wákàtí mẹ́fà ààbọ̀.

Ìkẹta ni agogo. Ní ìgbà òtútù, agogo Lọ́ńdọ̀nù fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa. Láti ìparí oṣù Ẹrẹ̀nà dé ìparí oṣù Ọ̀wàrà, wọn a sún tiwọn síwájú, méjèèjì a sì dọ́gba. Nítorí náà, aago mẹ́ta ààbọ̀ tiwọn nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ jẹ́ aago mẹ́rin ààbọ̀ tiwa. Wákàtí kan ni a ti sọ nù.

Ní ọjọ́ kejì, a pa iye àkọ́kọ́ rẹ́, a kọ 6½ sí ipò rẹ̀, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà níṣojú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ojú tì wá díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá béèrè, gbogbo wọn ni ì bá gbé àṣìṣe wa lọ sílé. Àwọn àgbà ní, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìbéèrè kan sílẹ̀ fún yín. Ọkọ̀ òfurufú kan kúrò ní Èkó ní aago mẹ́wàá, ó dé Akra ní Gánà ní aago mẹ́wàá kan náà. Wákàtí mélòó ni ó lò lójú ọ̀run?