Ibi tí Odò Mono ti Ń Wọ Òkun

Ẹ̀yin ọmọ Ahoyéyé, òkun jìnnà sí wa. Igi ọ̀pẹ ni àwa mọ̀. Ṣùgbọ́n iyọ̀ wà nínú ọbẹ̀ tí ẹ jẹ lánàá. Ibo ni iyọ̀ ti ń wá? Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń wá láti inú òkun. Lónìí, ẹ jẹ́ ká lọ sí etí òkun ilẹ̀ Benin, níbi tí àwọn ìyá ṣì ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe iyọ̀. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, ó sì lẹ́wà.

A ó gba Pobè àti Sakété lọ sí Porto-Novo, tí àwa ń pè ní Àjàṣẹ́. Lẹ́yìn náà, a ó kọjá ní Kútọ̀nu àti Ouidah, a ó sì dé Grand-Popo. Láti Kútọ̀nu dé ibẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 80. Bí mọ́tò bá tún rìn díẹ̀ sí i, a ó wọ ilẹ̀ Togo. Ní Grand-Popo, a ó sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, a ó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ọlọ́kọ̀ ń fi ọ̀pá gígùn ti ọkọ̀ lọ, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Ní ọwọ́ ọ̀tún wa, iyanrìn tóóró kan wà pẹ̀lú igi àgbọn. Òkun wà lẹ́yìn iyanrìn náà. A kò tíì rí i, ṣùgbọ́n à ń gbọ́ ohùn rẹ̀: húù, húù. Nígbà tó yá, iyanrìn náà dópin. Odò Mono, tó ti ilẹ̀ Togo rìn wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ inú òkun. Omi odò kò ní iyọ̀, omi òkun ní iyọ̀. Níbí ni àwọn méjèèjì ti ń dàpọ̀.

Bouche du Roy ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ní èdè Faransé, ìtumọ̀ rẹ̀ ni Ẹnu Ọba. Ọba wo? Kò sí ọba kankan níbẹ̀ o! Wọ́n ní àwọn Potogí ló kọ́kọ́ pè é ní Boca do Rio, èyí tó túmọ̀ sí Ẹnu Odò. Nígbà tí àwọn Faransé dé, wọ́n gbọ́ Rio bí ẹni pé Roi ni. Bẹ́ẹ̀ ni odò ṣe di ọba. Ẹnu odò yìí kì í sì í dúró sójú kan. Òkun ń ti iyanrìn síwá-sẹ́yìn, ẹnu odò náà á sì máa ṣí kiri.

Ẹ wo àwọn igi tó wà lápá òsì. Gbòǹgbò wọn kò fara pamọ́ sínú ilẹ̀ bíi ti ìrókò. Wọ́n yọ síta lára igi, wọ́n tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, wọ́n sì wọ inú ẹrẹ̀. Ẹ ó rò pé igi náà ní ẹsẹ̀ púpọ̀, tó fẹ́ rìn lọ. Palétuvier ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Faransé. Afẹ́fẹ́ kò tó nínú ẹrẹ̀, nítorí náà gbòǹgbò náà ń mí lókè. Èso rẹ̀ ló wá yà mí lẹ́nu jù: ó máa ń hù nígbà tó ṣì wà lórí igi! Ó gùn bí ọ̀pá kékeré. Bó bá já bọ́, ó lè gún ẹrẹ̀, kó dúró ṣánṣán, kó sì di igi tuntun.

Àárín gbòǹgbò yìí ni àwọn ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí, torí ẹja ńlá kò lè wọ ibẹ̀. Akàn àti edé náà ń gbé ibẹ̀. Jẹ́lé-ó-sinmi ẹja ni. Nígbà tí wọ́n bá dàgbà, wọ́n á jáde lọ sínú odò àti òkun, apẹja á sì rí ẹja pa.

Iyọ̀ ńkọ́? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi á fà sẹ́yìn, iyọ̀ á sì hàn funfun lórí ilẹ̀. Àwọn ìyá á ha ojú ilẹ̀ náà jọ, wọ́n á kó o sínú agbọ̀n ńlá, wọ́n á da omi lé e lórí. Omi náà á máa kán sínú ìkòkò: tó, tó, tó. Omi yìí níyọ̀ gan-an. (Ẹ lè dán irú rẹ̀ wò nílé. Ẹyin adìyẹ tútù máa ń rì sínú omi lásán. Ẹ da iyọ̀ púpọ̀ sínú omi náà, ẹyin á léfòó.) Wọ́n á wá gbé omi oníyọ̀ náà kaná, wọ́n á sè é títí omi á fi gbẹ. Iyọ̀ ló máa kù sínú ìkòkò. Láyé àtijọ́, àwọn oníṣòwò máa ń ru iyọ̀ láti etí òkun lọ sí àwọn ìlú tó jìnnà sí omi.

Ṣùgbọ́n iná ń jẹ igi. Igi ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ yìí sì ń jó dáadáa. Kí ni kí ìyá oníyọ̀ ṣe? Bó bá gé e, ọmọ ẹja kò ní ríbi sá sí, apẹja á sì fa àwọ̀n òfìfo wálé. Bí kò bá gé e, kí ni yóò fi se iyọ̀? Kí ni yóò tà, kí ó fi ra ìwé fún ọmọ rẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn. Ẹ má tètè dá ìyá lẹ́bi.

Ní Gìní, àwọn kan ti ń tẹ́ omi oníyọ̀ sórí tapolín, kí oòrùn gbẹ ẹ́ láìdá iná. Ní Bouche du Roy, àwọn ará ibẹ̀ fa apá kan igbó náà lé Zangbéto lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Àjàṣẹ́ lè ti rí Zangbéto: eégún tó fi ìko bora láti òkè délẹ̀, tó ń yí bìrìbìrì. Olùṣọ́ òru ni. Ibi tí wọ́n bá ti fa igbó lé e lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀. Ní ọdún 2017, UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ orúkọ agbègbè odò Mono, ní Benin àti Togo, mọ́ àwọn ibi tó yẹ kí a tọ́jú. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ìwé UNESCO jìnnà, Zangbéto sì wà nítòsí.

Ọjọ́ kan wà lọ́dún tí ariwo máa ń sọ ní Grand-Popo: ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì. Ọjọ́ náà ni àwọn Xwla àti Xweda máa ń pàdé fún ọdún Nonvitcha, tí wọ́n ti ń ṣe láti 1921. Àwọn tó ń gbé ọ̀nà jíjìn á padà wálé, ìlù á dún, ijó á bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á jó létí òkun, ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í wẹ̀ nínú rẹ̀, torí omi ibẹ̀ ń fa ènìyàn lọ.

Àlejò kan wà tí kò fẹ́ ariwo rárá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lóru, ìyá ìjàpá òkun á jáde nínú omi. Á fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dà bí àjẹ̀ wọ́ ara rẹ̀ gun iyanrìn. Á gbẹ́ ihò, á yé ẹyin bíi 100 sínú rẹ̀, á bò ó, á sì padà sínú òkun. Kì í sàba bí adìyẹ. Iyanrìn gbígbóná ló ń bá a ṣe é. Tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wú ẹyin náà jẹ. Nísinsìnyí, àwọn ọ̀dọ́ kan ń ṣọ́ ọ.

Lẹ́yìn bíi oṣù méjì, àwọn ọmọ ìjàpá á yọ orí. Wọ́n á wo ibi tó mọ́lẹ̀ jù, torí ojú òkun mọ́lẹ̀ ju orí ilẹ̀ lọ lóru. Bí ẹnìkan bá tan iná ńlá sílẹ̀ létí òkun, wọ́n á ṣìnà. Bí òkùnkùn bá wà, wọ́n á sáré kútúkútú lọ sínú omi.

Ìbéèrè
Àwọn ìlú wo ni a kọjá kí a tó dé Grand-Popo?
Kí ló dé tí gbòǹgbò palétuvier fi wà lókè ẹrẹ̀?
Báwo ni àwọn ìyá ṣe ń ṣe iyọ̀? Ẹ sọ ọ́ ní ẹsẹẹsẹ.
Bó bá jẹ́ pé ìwọ ni ìyá oníyọ̀, kí ni ìwọ yóò ṣe nípa igi ìdáná?
Igbó wo ni a kì í gé ní àdúgbò yín? Bi bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà léèrè ìdí rẹ̀.