Kí Ẹja Má Pọ̀ Ju Omi Lọ

Ẹ̀yin ọmọ tó ń gbẹ́ adágún lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ jókòó, ẹ gbọ́.

1. Ẹja tó o máa kó lọ sọ́jà ni kó o wọn omi fún, kì í ṣe ọmọ ẹja tó o rà. Inú kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ti ń gbé ọmọ àrọ̀ wá bá ọ. Bí 1000 rẹ̀ bá di kílò kọ̀ọ̀kan, tọ́ọ̀nù kan ló ń mumi níbẹ̀ yẹn.

2. Adágún ilẹ̀ tí a kì í sábà pààrọ̀ omi rẹ̀, ẹja 5 sí 10 ti tó fún ojú omi tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní ìbú. Èyí tó gùn ní mítà 20, tó fẹ̀ ní mítà 10, 1000 sí 2000 nìyẹn. Táńkì kọnkéré tó ò ń pààrọ̀ omi rẹ̀ gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ka owó epo jẹnẹrétọ̀ tó ń fa omi náà mọ́ owó ẹja.

3. Ẹni tó ta ọmọ ẹja fún mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ní àrọ̀ kì í tètè kú, pé ó ń mí lókè omi. Kò purọ́. Mo bá kó 6000 sínú adágún mítà 20 sí 10 yẹn. Wọn ò kú lóòótọ́, ìyẹn ló sì tàn mí. Tó bá di ìdájí, ẹnu wọn á bo ojú omi, omi á máa rú bí ìkòkò tó ń hó, òórùn rẹ̀ á dà bí ìtọ̀ àná. Ìgbẹ́ wọn àti oúnjẹ tó ṣẹ́ kù ló ń di amóníà. Ẹja tí ìyẹn bá sì mú kì í jẹun. Oúnjẹ tí mo dà á rẹ̀ sójú omi, èmi á tún da òmíràn lé e! Oṣù mẹ́fà pé, a fa àwọ̀n: ẹyọ mélòó kan tóbi bí apá mi, ìyókù ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìyá tó wá rajà wo inú abọ́, ó ní, “Bàbá, ṣé ẹja lẹ fẹ́ tà ni, àbí edé?”

4. Àwọn tó tóbi bí apá yẹn, ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n jẹ. Máa ṣà wọ́n lọ́sẹ̀ méjì méjì nígbà tí wọ́n ṣì kéré, kó o kó àwọn ńlá lọ́tọ̀. Má fún wọn lóúnjẹ kó o tó ṣà wọ́n.

5. Wọn ò gbọdọ̀ fọ́n ká jù pẹ̀lú. Ọmọ àrọ̀ tó bá kéré níye níbi gbayawu a máa jà.

6. Ti ẹpìyà yàtọ̀. Kò tíì dàgbà tí á ti máa bímọ, iye tó o kó sómi á sì di ìtàn. Akọ nìkan ni kó o sìn, tàbí kó o fi àrọ̀ díẹ̀ sí i kó máa bá ọ jẹ àwọn ọmọ.

7. Kó o tó ra ọmọ ẹja, mọ ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ ẹ. Àwọn tó ń yan ẹja lè fẹ́ kékeré. O lè kó o pọ̀ díẹ̀ fún wọn, kó o sì tètè fa àwọ̀n. Àwọn tó ń ta ẹja tútù ńlá ńkọ́? Dín in kù. 1500 ni mo ń kó sínú adágún yẹn báyìí. Ìyá ọjọ́sí ṣì ń rà lọ́wọ́ mi, tó bá sì ti gbé abọ́ kalẹ̀, edé ló kọ́kọ́ máa ń béèrè.